Ayùn Tó Ń Ta Sánsán Epo Pupa

Òórùn mẹ́ta ló máa ń pàdé mi lẹ́nu géètì ilé wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó lọ́dún tí mò ń sọ yìí: òórùn pẹtiróòlù, òórùn gíríìsì, àti òórùn epo pupa tó ti jó lórí iná. Méjì àkọ́kọ́ kò ṣàjèjì sí mi, nítorí ọmọ òṣìṣẹ́ réluwéè ni mí, mo sì ti mọ òórùn gíríìsì kí n tó mọ ti lọ́fínńdà. Ẹ̀kẹta yẹn ló ń dà mí láàmú. Ó máa ń tó aago mẹ́ta ọ̀sán kí n tó ti ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Yábàá dé. Nígbà yẹn, Màámi ti fọ ìkòkò, wọ́n ti dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n sì ti jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ wọn. Síbẹ̀, òórùn epo á máa ta sánsán bí ẹni pé wọ́n ń dín ẹran lẹ́yìnkùlé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo bèèrè pé, "Màámi, kí lẹ ń dín?" Wọn ò tilẹ̀ gbójú kúrò lára aṣọ tí wọ́n ń rán. Wọ́n kàn fi ẹnu júwe ẹ̀yìnkùlé fún mi, wọ́n ní, "Lọ bi bàbá ẹ àti ìyàwó wọn tuntun."

Ìyàwó tuntun yìí ni ayùn ẹlẹ́ńjìnnì, irú èyí tí àwọn agégi máa ń gbé wọ igbó, tí ṣéènì eléyín mímú máa ń sáré yí po lẹ́nu rẹ̀. Ó ti gbó. Ọ̀dà pupa tí wọ́n fi kùn ún níbẹ̀rẹ̀ ti bó, àpá pọ̀ lára rẹ̀ bí ojúgun ọmọ tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, wáyà ni wọ́n sì fi so ọwọ́ rẹ̀ kan mú. Bàámi ti tẹ́ àpò sìmẹ́ńtì sábẹ́ rẹ̀, wọ́n jókòó sórí àpótí kékeré, wọ́n fi okùn so awò ojú wọn mọ́ ọrùn, wọ́n tẹjú mọ́ ohun náà. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti rí wọn gbẹ̀yìn tí wọ́n wo nǹkan kan báyẹn.

Ó yẹ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí Bàámi fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin ṣe ní Èbúté Mẹ́ta. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn máa ń sọ pé bí ẹ́ńjìnnì bá ń húkọ́, kí Bàámi ṣáà ti gbétí lé e, wọ́n á sọ ibi tó ti ń dùn ún. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n gbé aago ògiri kan wálé pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ wọn, àpótí onígi tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kàn, tí wọ́n kùn ní búlúù. Kò pẹ́ sígbà náà ni jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa bàjẹ́. Bàámi tú u, wọ́n tò ó padà, wọ́n ní ó ti dáa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a ń kọ orin Kérésìmesì, a ò tíì parí orin kejì tí jẹnẹrétọ̀ náà fi húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, tó dákẹ́, tí gbogbo wa sì wà nínú òkùnkùn pẹ̀lú ìwé orin lọ́wọ́. Bóòtù kan ni wọn ò fún le tó, nítorí ọwọ́ ọ̀tún wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ nígbà yẹn.

Kò sẹ́ni tó bá wọn wí. Wọ́dìn ìjọ wa, ọkùnrin kúkúrú kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, tí kì í bínú sí ẹnikẹ́ni, ló kàn tẹríba fún wọn tó sì sọ pé, "Ẹ sinmi, sà. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó." Inú rere ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo rí ojú Bàámi nínú iná àbẹ́là tí wọ́n tàn, àánú wọn ṣe mí débi tí mi ò lè kọrin mọ́. Láti ìgbà náà, iwájú ilé ni wọ́n ń jókòó sí láti àárọ̀, wọ́n á ka ìwé ìròyìn kan náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á sì kí gbogbo ẹni tó bá kọjá. Àpótí búlúù náà wà lábẹ́ ibùsùn.

Ọdún kejì tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá ọ̀tún títì nílẹ̀ wa, ìyẹn lọ́dún 1973, ni ìjì wó igi máńgòrò ńlá tó wà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja síbi tí a máa ń pa àtíbàbà ìkórè sí gan-an, ìkórè sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nínú ìpàdé ìjọ, wọ́dìn ní òun máa wá àwọn aláàáké lọ. Bàámi dìde. "Ẹ má wá ẹnì kankan. Màá gé e." Wọ́dìn ní, "Ẹ̀yin kẹ̀, sà?" Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Bàámi ò wo ẹ̀yìn. Nígbà tí a délé, wọ́n dúró sí àárín ilé, wọn ò tíì bọ́ fìlà, wọ́n sọ fún Màámi pé, "Tó bá fi máa di Sátidé tó ṣáájú ìkórè tí mi ò tíì gé igi yẹn, màá gbé àpótí irinṣẹ́ mi fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Mi ò ní fọwọ́ kan irin mọ́." Màámi tó kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bọ́ sílẹ̀ láìfèsì kàn gba fìlà lórí Bàámi, wọ́n gbé e kọ́. Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ pé ohun tí Bàámi bá ti sọ, wọ́n á ṣe é, mo sì mọ irú ẹni tí yóò ṣẹ́ kù sí iwájú ilé wa bí àpótí náà bá lọ.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú mi dání lọ sí ilé ìlagi kan létí ọ̀sà ní Èbúté Mẹ́ta. Bí a ti ń rìn, lẹ́búlẹ́bú igi ń bà lé wa lára, gẹdú léfòó lórí omi lọ rẹrẹẹrẹ, ariwo àwọn ayùn ńlá sì gba etí kan. Agégi kan tó wá láti ìhà Ògbómọ̀ṣọ́ ló ni ayùn náà. Ó ti ra òmíràn, èyí sì wà ní kọ̀rọ̀ ilé lábẹ́ páànù. Ó yẹ ojú Bàámi wò, ó ní, "Bàbá, mi ò ní purọ́ fún yín o. Ó lágídí. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá bẹ̀ ẹ́ dáadáa, a máa gbọ́." Bàámi rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. A rò pé àpárá ló ń dá. Bá a ṣe fi àpò ìdọ̀họ wé e nìyẹn, tí a gbé e wọ bọ́ọ̀sì, tí gbogbo èrò inú ọkọ̀ sì ń fi imú fa òórùn kiri, tí wọ́n ń wá ẹni tó gbé ọbẹ̀ dání.

Kò sí ohun tí Bàámi kò tú lára rẹ̀ tán. Wọ́n fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tó ti gbó ha inú kabúrétọ̀, wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, wọ́n sì fi awọ tuntun sí ibi tí ti àtijọ́ ti ya. Ibi tí ọwọ́ wọn kò bá ti dúró jẹ́ẹ́, èmi ni wọ́n máa ń pè. Wọ́n kọ́ mi bí a ti í fi fáìlì róbótó pọ́n eyín ṣéènì: ẹ̀ẹ̀mẹta lórí eyín kan, kí a máa tì í dọ́gba, kí ọ̀kan má ju èkejì lọ, nítorí bí apá kan bá mú ju èkejì, ayùn yóò máa gé wọ́ ni. Màá máa pọ́n, wọ́n á máa kà á. Mo sì ń bèèrè ọ̀rọ̀. Kí ló dé tí wọ́n fi ń po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù rẹ̀, tí wọn kì í po ti mọ́tò? Níbo ni èéfín ń gbà? Ta ló ń da epo pupa sórí ẹ́ńjìnnì? Wọ́n ní, "Tíṣà, ìbéèrè ẹ ti pọ̀ ju eyín ṣéènì yìí lọ." Ní ti epo pupa, wọ́n ní ìdọ̀tí igbó lásán ni.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ fa okùn rẹ̀, ó jí. Mo pariwo bí ọmọdé. Èéfín búlúù bo ẹ̀yìnkùlé, adìẹ Màámi fò lé orí ògiri, òórùn epo díndín sì gba gbogbo àdúgbò. Ayùn náà ń han gooro, Bàámi dúró tì í, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò tíì pẹ́ tó ìgbà tí ènìyàn lè ka Ìgbàgbọ́ àwọn Àpọ́sítélì tán ni ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè fín-ín-fín-ín, ó húkọ́, ó kú. Bàámi ṣí táǹkì wò, pẹtiróòlù wà níbẹ̀. Wọ́n dé e, wọ́n fa okùn, ó tún jí. Ìwọ̀n Ìgbàgbọ́ kan náà, ó tún kú. Màámi yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ní, "Ìyàwó yín ti tún sùn o."

Báyìí ló ṣe fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Bàámi ní ó dà bíi pé iná kì í dé púlọ́ọ̀gì mọ́ bí ara ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná. Wọ́n pààrọ̀ wáyà, kò yí padà. Wọ́n ní kabúrétọ̀ ni, wọ́n tún tú u. Ó jí, ó kú. Èrín kúrò lẹ́nu Màámi pàápàá, wọn ò pe ayùn náà ní ìyàwó mọ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá Bàámi níwájú ayùn náà, wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún wọn síwájú, wọ́n ń wò ó bó ti ń gbọ̀n. Wọn ò mọ̀ pé mo ti dé. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ara wọn pé, "Àbí ọwọ́ mi náà ni?" Mo padà sí ẹnu géètì, mo wá fi ariwo wọlé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Bí ìwọ náà bá ti ṣe tíṣà rí, o mọ ohun tí a máa ń sọ fún àwọn ọmọ ní kíláàsì: ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ rò. Mo mú ìwé, mo kọ ọ́. Ó jí, ó kú, Bàámi ṣí táǹkì, wọ́n dé e, ó jí. Mo kọ ọ́ ní ìlà bíi mẹ́jọ láti inú ohun tí mo rántí. Nígbà tí mo kà á, mo rí ohun kan: kò sí ìgbà kankan tí Bàámi tún un jí láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ ṣí táǹkì. Ọlọ́gbọ́n òṣìṣẹ́ ni wọ́n, ẹ̀kọ́ réluwéè sì ni, kí ènìyàn wo epo kó tó wo ohun mìíràn. A rò pé ìsinmi ló ń mú ayùn náà jí. Bó bá wá jẹ́ pé ṣíṣí yẹn ni ńkọ́?

Ní Ọjọ́bọ̀, Bàámi lọ sí ìpàdé ìjọ. Mo wé gèlè mọ́rí le, mo fi ẹsẹ̀ tẹ ayùn náà mọ́lẹ̀ bí mo ti rí i tí wọ́n ń ṣe, mo fa okùn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin ó jí. Mo dúró tì í títí ó fi kú. Mi ò fọwọ́ kan táǹkì. Mo lọ mu omi, mo ká aṣọ lórí okùn, mo tún padà wá. Ara rẹ̀ ti tutù. Mo fa okùn títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó, kò dáhùn rárá. Nígbà náà ni mo tẹ̀ ba, mo gbé etí mi súnmọ́ ìdérí táǹkì, mo yí i díẹ̀díẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Fììì. Ohùn kékeré, bí ẹni tí wọ́n di nímú, tí wọ́n wá jù ú sílẹ̀. Mo dé e, mo fa okùn lẹ́ẹ̀kan péré, ó jí. Màámi sáré jáde: "Ìwọ ọmọ yìí! Ṣé o fẹ́ gé ara ẹ lẹ́sẹ̀ ni?" Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún, mi ò sì lè sọ ìdí rẹ̀ fún wọn, torí èmi gan-an ò tíì mọ ohun tí ohùn náà ń wí.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ló tó yé mi, nídìí tíì. Iṣẹ́ mi ni láti lu agolo mílíìkì láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún méje: ìṣó kan, òkúta kan, ihò kan níbí, ihò kejì lódìkejì. Mo lu ti àkọ́kọ́. Mo gbé ìṣó sí ibi ti ẹ̀kejì, ọwọ́ mi sì dúró. Ìwọ náà mọ̀ pé bí ihò bá jẹ́ ẹyọ kan, mílíìkì á kán lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, á sì dúró, nítorí kò sí ibi tí atẹ́gùn yóò gbà wọlé rọ́pò rẹ̀. Táǹkì ayùn náà ń fún ẹ́ńjìnnì ní epo, ẹ́ńjìnnì ń mu, ṣùgbọ́n kò sí ibi tó ti ń mí. Mo sáré lọ ẹ̀yìnkùlé, mo yí ìdérí náà sójú oòrùn. Láàárín rẹ̀ ni àmì róbótó kan wà, kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ohun kan tó dúdú pupa ti dí i bámú, ó sì tẹ́jú débi pé ojú lásán ò lè mọ̀ pé ihò ni.

Mo fẹ́ kígbe pe Bàámi. Mo ti la ẹnu. Ṣùgbọ́n mo rántí iná àbẹ́là, mo rántí "Ẹ sinmi, sà," mo rántí ọwọ́ tí wọ́n nà síwájú tí wọ́n ń wò. Bí èmi ọmọ wọn, tó jẹ́ pé àná yìí ni wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń mú fáìlì, bá lọ sọ pé, "Bàámi, ibi tó ti bàjẹ́ rèé," ayùn á ṣiṣẹ́ lóòótọ́, a ó gé igi. Ṣùgbọ́n àpótí búlúù ńkọ́? Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Mo padà sílé. Mo gbé agolo mílíìkì tí mo lu ẹyọ ihò kan sí lára sórí tíréè, mo gbé e síwájú Bàámi pẹ̀lú búrẹ́dì, mo sì ń nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Bàámi dojú agolo dé ife. Ó kán tó, tó, ó dúró. Wọ́n gbọ̀n ọ́n. Ó kán ẹyọ kan. "Ta ló lu mílíìkì yìí?" "Èmi ni, sà." "Ihò kan péré? Níbo ni afẹ́fẹ́ máa gbà wọ..." Mo ń nu tábìlì. Agolo náà ṣì wà lókè, ó dojú dé lọ́wọ́ wọn, kò sì kán mọ́. Mo gbọ́ aago ògiri tó ń ró. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé agolo sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n dìde, búrẹ́dì ṣì wà lẹ́nu wọn, wọ́n gba ẹ̀yìn jáde. Màámi ní, "Kí ló dé? Kí ló ṣe bàbá ẹ?" Mo ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ." Kò pẹ́ tí Bàámi fi kígbe láti ẹ̀yìnkùlé: "Ẹ fún mi ní abẹ́rẹ́! Èyí tó tín-ín-rín jù!"

Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ Màámi la fi ṣe é. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, mo di ìdérí mú, wọ́n ń gún un díẹ̀díẹ̀. Ohun tó jáde le bí oje igi, ó pupa ní inú, irun ìyẹ́ adìẹ kékeré kan sì lẹ̀ mọ́ ọn. Bàámi gbé e sí imú. Wọ́n wò mí. "Epo pupa," wọ́n ní, wọ́n sì wé e sínú bébà bí ẹni wé oògùn. A fa okùn. Mo ka Ìgbàgbọ́ tán sínú, mo ka Àdúrà Olúwa, mo bọ́ sórí Sáàmù kẹtàlélógún, mo kà á dé ìparí. Ayùn náà ń han lọ gooro. Ọjọ́ yẹn ni mo pẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni.

Bàámi ti ránṣẹ́ sí agégi ará Ògbómọ̀ṣọ́ náà kó wá bá wa yí àwọn gẹdú kúrò lọ́nà. Ní Sátidé, ó dé ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbọ́ ayùn tó ń dún láìdákẹ́, ó sì la ẹnu sílẹ̀. Bàámi pa ayùn náà, wọ́n yọ bébà lápò, wọ́n tú u. Agégi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì gbẹ lẹ́nu rẹ̀. "Yéè! Epo Ògún rèé." Ó ṣàlàyé pé bí ọdún Ògún bá ti dé nílùú àwọn, gbogbo irin tí àwọn fi ń jẹun làwọn ń tò sílẹ̀, tí àwọn sì ń fún lépo àti adìẹ. Ayùn yìí, àwọn á dá a dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ìdérí rẹ̀ dojú sókè, àwọn á sì da epo síbẹ̀, "torí ibẹ̀ ló ń gbà jẹun, ẹnu ẹ̀ nìyẹn." Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kú mọ́ àwọn lọ́wọ́. Wọ́n ní bóyá epo kò tó ni. Wọ́n fi kún un. Bí ó ti ń lágídí sí i ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ sí i, títí ó fi daṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá.

Wọ́dìn wa wà níbẹ̀, kò mọ ibi tí òun ì bá wò, torí ọ̀rọ̀ Ògún ti wọ ọgbà Áńgílíkà. Gbogbo wa ń wo ẹnu Bàámi. Wọ́n ní, "Kì í ṣe pé Ògún kọ epo. Ẹ̀yin lẹ pè é ní ẹnu. Imú ẹ̀ lẹ dà á sí." Agégi náà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, wọ́dìn tẹ̀ lé e, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí igi máńgòrò.

Bàámi gé igi náà láti àárọ̀ títí oòrùn fi yí. Lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ń fò, ó funfun, ó ń rùn dídùn bí èso tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Ohun kan wà tí mo rí lọ́jọ́ yẹn tí mi ò ní gbàgbé: ayùn ń gbọ̀n, apá Bàámi ń gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ èyí tó ń gbọ̀n èkejì. Bí ọ̀sán ti mú, wọ́dìn gbé omi wá, ó ní, "Ẹ sinmi díẹ̀, sà." Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Bàámi gba omi, wọ́n mu ún, wọ́n nu ẹnu. "Tí mo bá gé e tán." Wọ́n tún fa okùn.

Nígbà tí a délé ní ìrọ̀lẹ́, Màámi fi omi gbígbóná sílẹ̀ fún wọn, Bàámi sì béèrè tíì. Mo gbé tíréè dé, mo rí i pé agolo tuntun ni wọ́n ti mú dání, wọn ò tíì lù ú. Wọ́n na ìṣó sí mi. "Tíṣà, wá lu mílíìkì. Ihò méjì o." Mo kúnlẹ̀, mo ń lù ú, mi ò lè gbójú sókè. Wọ́n ní, "Láti ọmọ ọdún méje lo ti ń lù ú nílé yìí. O ò gbàgbé ihò kejì rí." Màámi ń wo èmi, wọ́n ń wo Bàámi, wọ́n ní, "Kí lẹ ń sọ?" Bàámi ní, "Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni."

Mo ti rò ó láti ọjọ́ pípẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn, mo rò pé èmi ni mo bo Bàámi láṣìírí. Mi ò mọ̀ pé bí agolo náà ti dúró lọ́wọ́ wọn ni wọ́n ti rí mi gedegbe, tí wọ́n sì bo èmi náà, kí inú mi lè dùn. Mo sì wá mọ ohun tó ṣe wọ́n ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi jókòó síwájú ilé. Gbogbo wa ń da ìsinmi lé wọn lórí bí àwọn ará ìlú agégi náà ti ń da epo, inú rere la fi ń ṣe é, bí wọ́n sì ti ń dákẹ́ sí i là ń fi kún un. Bàámi ti papòdà báyìí. Àpótí búlúù náà wà lọ́dọ̀ mi, èmi ni wọ́n gbé e fún, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ti kúrò nílé tipẹ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí i, mo rí sípánà, fáìlì róbótó, abẹ́rẹ́ Màámi kan tí wọ́n fi gún ìwé, àti agolo mílíìkì tó ti gbẹ. Mo yí i po lọ́wọ́ mi. Ihò kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀.